Gracie Allen, Obìnrin Tí Ó Fi Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Pa Ayé Lẹ́rìn-ín

Àwọn àgbà Yorùbá gbà pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Bí a bá wo òwe yìí dáadáa, a ó rí i pé gbogbo wa ni a ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, tí a sì ń retí pé ẹni tí ó ń gbọ́ wa yóò fi ọgbọ́n orí rẹ̀ kún un. Aláwàdà kan wà ní Amẹ́ríkà tí ó mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí yẹn gan-an ni ẹ̀rín fara pamọ́ sí. Gracie Allen ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú San Francisco ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1895, nínú ìdílé oníjó àti akọrin. Ní kékeré, nǹkan gbígbóná dà sí i lápá. Àpá rẹ̀ kò parẹ́, nítorí náà aṣọ alápá gígùn ni ó ń wọ̀ títí ó fi kú.

Ní nǹkan bí ọdún 1922 ó pàdé George Burns, ọmọ Júù láti New York. George ṣètò eré kan fún àwọn méjèèjì: Gracie ni yóò máa béèrè ọ̀rọ̀, òun George ni yóò máa fi èsì pa èrò lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé orí ìtàgé, ìbéèrè Gracie ni àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí. Àwàdà George kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn ì bá bínú, ṣùgbọ́n George fún Gracie ní gbogbo àwàdà náà, òun sì di ẹni tí ń béèrè. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1926 ní Cleveland. Wọ́n bọ́ sórí rédíò ní ọdún 1932, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 1950, eré wọn bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán CBS.

Báwo ni àwàdà Gracie ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ gbọ́ èyí. George sọ fún un pé bí ó bá ń lọ kí obìnrin kan tí ara rẹ̀ kò yá, kí ó rántí ọ̀rọ̀ òdòdó. Ní èdè Òyìnbó, gbólóhùn tí George lò lè túmọ̀ sí kí ó mú òdòdó lọ fún un, ó sì lè túmọ̀ sí kí ó mú òdòdó rẹ̀. Gracie dúró títí aláìsàn fi jáde nínú yàrá, ó kó òdòdó obìnrin náà, ó gbé e wálé. Ó rọ iyọ̀ sínú ìgò ata, ó rọ ata sínú ìgò iyọ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn a máa ṣi méjèèjì mú. Bí wọ́n bá ti ṣì í mú, ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an ni ọwọ́ wọn yóò bà. Ó ń fi ẹran méjì sínú ààrò pọ̀, ńlá kan àti kékeré kan. Bí kékeré bá ti jóná, ó mọ̀ pé ńlá ti jinná.

Ẹ wò ó pé kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ó wọ́, gbogbo èyí tí ó tẹ̀ lé e tọ́. Gracie kì í sì í rẹ́rìn-ín. Àánú àwọn tí ọ̀rọ̀ kò yé ni ó máa ń ṣe é. Iṣẹ́ George dà bí ti ẹni tí ń gbe orin: ìbéèrè kúkúrú, kí lílé lè tẹ̀síwájú.

Ní èdè tiwa, ohùn ni ó sábà máa ń dá irú eré bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: ẹnì kan béèrè igbá, wọ́n ka igba fún un. Irú àwàdà bẹ́ẹ̀ kì í dùn mọ́ bí a bá túmọ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú ti Gracie dúró lórí ìrònú, ìdí nìyẹn tí a fi lè sọ ọ́ ní Yorùbá tí yóò sì tún dùn.

Àwọn kan ní irú eré báyìí ń fi obìnrin ṣe ẹ̀sín. N kò fara mọ́ ọn tán, torí orí àwọn ọkùnrin ni ó ń dàrú nínú eré náà, Gracie kì í pòfo.

Òmùgọ̀ ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ le ju ti gbogbo wọn lọ. Òṣèré mìíràn tí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ lè fi ìbéèrè tí wọ́n bi í mọ èsì tí ó yẹ. Gracie kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí èsì rẹ̀ kì í bá ìbéèrè mu. Gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ há sórí, bẹ́ẹ̀ sì ni ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń ṣe eré náà ni àwọn ènìyàn ń wò ó nílé. Ẹ̀fọ́rí túúlu ń bá a jà, àìsàn ọkàn sì wà lára rẹ̀. Ní ọdún 1958 ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

George kó àwọn òṣèré yòókù jọ, ó ń bá eré lọ láìsí i. Kò ju sáà kan lọ tí ó fi kógbá sílé ní ọdún 1959.

Gracie kú ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1964. George pé ọgọ́rùn-ún ọdún kí òun náà tó kú ní ọdún 1996, wọ́n sì sin ín sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́, orúkọ George ni ó ń ṣáájú. Lára ibojì wọn, bí George ṣe fẹ́, ti Gracie ni ó ṣáájú.