OLÓÒGBÉ Ọ̀JỌ̀GBỌ́N AYỌ̀DÉLÉ AWÓJỌBÍ (1937–1984)

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ fi ìlú yìí ṣe ibùgbé, púpọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé rélùwéè ni ó gbé àwọn baba wa dé ìhín. Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni ẹni tí à ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí pẹ̀lú.

Oṣòdì ni a bí i sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, ọdún 1937. Ọmọ Ìkòròdú ni baba rẹ̀; ìyá rẹ̀ tí í ṣe ọmọ Modákẹ́kẹ́ ń ta ọjà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́. Ó ka ìwé mẹ́wàá ní CMS Grammar School, Èkó. Ṣùgbọ́n Òkè Ọya níbí, ní Sàríà, ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí ó sì gba oyè onípò kìíní ní 1962. Owó ìjọba ni ó gbé e lọ sí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ti gba Ph.D. ní 1966. Ní 1974 ó gba D.Sc., oyè tí ó ga ju Ph.D. lọ, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 37 péré.

Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé inú ìwé nìkan. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún ní oṣù Kẹrin 1972, òun tìkára rẹ̀ ni ó gbé sítíárìn ọkọ̀ Opel rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ó tún ṣe ọkọ̀ kan tí ó pè ní Autonov 1, tí ó lè sáré sẹ́yìn bí ó ti ń sáré síwájú!

Ẹni tí ó ní irú orúkọ báyìí ní Yunifásítì Èkó lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ó máa jẹ ayé rẹ̀. Awójọbí kò jókòó. Lẹ́yìn ìdìbò 1979, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ó ń ṣe ìṣirò owó epo tí ó wọlé àti bí a ti ná an, ó sì ń pe ìjọba Ààrẹ Ṣàgàrí lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ kò dá a láre, síbẹ̀ ó tún ń padà lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí onímọ̀ ẹ̀rọ dojú kọ ẹ̀rọ rẹ̀, a ó bi í pé ta ni ìbá tú ìṣirò náà fún mẹ̀kúnnù. Owó mẹ̀kúnnù ni ó kúkú rán an lọ sí òkè òkun. Àmọ́ ohun tí ó ná an kò kéré: wákàtí tí ó lò nílé ẹjọ́, ẹ̀rọ ni ìbá fi ṣe.

Àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1983. Ọ̀jọ̀gbọ́n Awójọbí kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1984, ní ẹni ọdún 47. Ó fi aya àti ọmọ sílẹ̀.