Ayọ̀délé Awójọbí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Fọwọ́ Kan Irin

Láti Ìga Ìdúngànràn, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn dé St. Peter's ní Fájì. Ibẹ̀ ni Awójọbí, ọmọ Ìkòròdú tí wọ́n bí ní 1937, ti kàwé kó tó wọ CMS Grammar School. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀rọ ní UNILAG.

Nígbà tí Nàìjíríà kó mọ́tò kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún ní 1972, ó yí sitẹ́rìn Opel tirẹ̀ sí òdìkejì. Lẹ́yìn náà ló tún jíìpù kan ṣe, Autonov 1, tó ń fi jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ síwájú, tó tún ń fi wọ́n lọ sẹ́yìn. Ọmọ ọdún 47 ló kú, ní 1984.

Ọmọ tó bá fẹ́ràn irin ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ má pè é ní olódo. Ẹ ra sípánà mọ́ ìwé fún un.