Halimah, alágbàtọ́ Ànọ́bì

 

Tí ẹ bá ní ọmọ kékeré, tí ẹ sì ti kó kúrò ní ìlú ńlá lọ sí ibi tó parọ́rọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fi ìtàn Halimah tù yín nínú rí. Wọ́n á ní Ànọ́bì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, náà kò lo ìgbà èwe rẹ̀ ní ìgboro, inú aṣálẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti dára, tí ariwo kò sí. Èmi fúnra mi sọ ọ́ fún ìyàwó mi nígbà tí a fẹ́ kó kúrò ní London pẹ̀lú ọmọ méjì, tí ìkejì kò tíì pé ọdún kan. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà ni ọ́fíìsì mi, nítorí náà kò nira fún mi. Òun ni ó fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni ó ń wa mọ́tò fún ìṣẹ́jú 35 kí ó tó dé mọ́ṣáláṣí.

Nínú ààwẹ̀ yìí ni mo padà lọ ka ìtàn náà dáadáa, bí Ibn Ishaq ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìgbésí ayé Ànọ́bì. Mo wá rí i pé apá kan péré ni mo sọ fún ìyàwó mi.

Halimah jẹ́ ọmọ Abu Dhuayb, láti ìdílé Banu Saad, tí í ṣe ẹ̀ka kan lára ẹ̀yà Hawazin. Darandaran ni wọ́n, inú àgọ́ ni wọ́n ń gbé. Harith ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ni Abdullah, Unaysah àti ọmọbìnrin kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Shayma. Ẹ fi Shayma yìí sọ́kàn. (Halimah náà ni àwọn ìyá wa ń pè ní Alimotu. Ẹ wo inú ẹbí yín, ọ̀kan á wà níbẹ̀.)

Nígbà tí wọ́n bí Ànọ́bì, ní nǹkan bí ọdún 570, àṣà àwọn ọlọ́lá Mẹ́kà ni kí wọ́n gbé ìkókó fún obìnrin aṣálẹ̀ kí ó máa fún un lọ́mú. Èrò pọ̀ ní Mẹ́kà, oníṣòwò àti onírìn-àjò, àrùn a sì máa bá èrò wọ̀lú. Ohun kejì ni èdè. Lárúbáwá àwọn ará aṣálẹ̀ dá ṣáká, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ kí ó tó gbọ́ àdàlù ọjà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn nígbàkigbà tí ẹ bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, èyí á yé yín ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ibn Ishaq kọ ọ́ pé Ànọ́bì fúnra rẹ̀ a máa sọ pé ìran Kuraysh tí òun ti wá àti Banu Saad tí wọ́n ti fún òun lọ́mú ló jẹ́ kí Lárúbáwá òun dá ṣáká.

Ọdún ọ̀dá ni ọdún tí Halimah àti àwọn obìnrin ìdílé rẹ̀ lọ wá ọmọ gbà ní Mẹ́kà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó gùn ti rù débi pé ó ń dá àwọn yòókù dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ràkúnmí kan tó ti darúgbó, kò sí ẹ̀kán wàrà kan lọ́mú rẹ̀. Halimah fúnra rẹ̀ kò ní omi ọmú tó tó, ebi ń pa ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lóru. Ẹ ò nílò aláwíyé níbẹ̀ yẹn. Ọmọ ń ké, bàbá àti ìyá lajú sílẹ̀, ilẹ̀ ò sì tètè mọ́. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Ànọ́bì fẹ́ wọ̀.

Ní Mẹ́kà, wọ́n fi ọmọ Amina lọ gbogbo àwọn obìnrin náà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé kò ní bàbá, wọ́n á kọ̀, nítorí pé lọ́wọ́ bàbá ọmọ ni wọ́n ti ń retí oore. Kí ni opó lè fún wọn, kí sì ni bàbá àgbà fẹ́ ṣe? Ó yá wa lára láti bú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Èmi kì í gba iṣẹ́ láìkọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n máa san, nítorí náà n kò lè bá yín bú wọn. Ilé wọn gbẹ, àwọn náà ní ọmọ tí wọ́n máa bọ́.

Gbogbo wọn rí ọmọ gbà, ó ku Halimah nìkan. Nígbà tí wọ́n ń múra àtilọ, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ojú ń ti òun láti padà lọ́wọ́ òfo láàárín ẹgbẹ́ òun, òun á kúkú lọ gba ọmọ aláìníbàbá yẹn. Harith ní kò burú, bóyá Ọlọ́hun á fi ìbùkún sí i. Kò sí nínú ìtàn náà pé Halimah rí ìmọ́lẹ̀ kan lójú ọmọ tí ó fi yàn án. Ọmọ tó ṣẹ́kù ni ó gbà, nítorí pé kò sí òmíràn.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Bí ó ti gbé e sáyà, ọmú rẹ̀ kún, ọmọ náà mu yó, èyí tí ó bí fúnra rẹ̀ mu yó, àwọn méjèèjì sì sùn. Harith lọ wo ràkúnmí, ó bá a pé ọmú rẹ̀ kún. Tọkọtaya mu wàrà, wọ́n sùn di àárọ̀. Lójú ọ̀nà ilé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan náà ń sáré kọjá ti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń béèrè bóyá òun náà ni tàbí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì gbẹ, síbẹ̀ àgùntàn Halimah ń bọ̀ ní yíyó lálaalẹ́, tí ti àwọn aládùúgbò ń bọ̀ ní ebi. Wọ́n ń bá àwọn olùṣọ́ àgùntàn wọn wí pé kí wọ́n máa da ẹran lọ síbi tí olùṣọ́ ti Halimah ń dà á sí. Wọ́n dà á síbẹ̀, ebi kò kúrò níkùn àwọn ẹran wọn. Ẹ rí i pé kì í ṣe koríko. Mo ti ń fi ìtàn yìí gbè lẹ́yìn ibi tó parọ́rọ́, kò sì sí nǹkan kan nínú ilẹ̀ náà tó yàtọ̀ sí ti àwọn tí ebi ń pa. Ọmọ tí wọ́n gbà sílé ni ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn ọdún 2, wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó sì ti le koko. Halimah gbé e padà fún Amina, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn, nítorí àrùn Mẹ́kà. Ó bẹ̀ ẹ́ títí Amina fi gbà.

Níbí ni ìyàwó mi dá mi dúró, nígbà tí mò ń ka ìtàn náà fún un lẹ́yìn ìṣínu. Ó ní gbogbo ìgbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí, ta ló ń ka ọjọ́ fún Amina? Opó ni, ọkọ rẹ̀ ti kú kí ó tó bímọ, ọmọ kan ṣoṣo tí ó ní sì tún ti lọ. N kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín nílé ń fi fóònù wo ọmọ-ọmọ wọn, ẹ mọ̀ pé ibi tó dára fún ọmọ lè jẹ́ àdánù fún ẹlòmíràn.

Láìpẹ́ sí ìgbà tí wọ́n padà sí aṣálẹ̀, ọmọ náà wà lẹ́yìn àgọ́ pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ àgùntàn wà. Arákùnrin rẹ̀ sáré dé pé àwọn ọkùnrin méjì aláṣọ funfun ti tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n sì la inú rẹ̀. Wọ́n sáré débẹ̀, wọ́n bá a ní ìdúró, ojú rẹ̀ ti ṣì. Àwa Mùsùlùmí mọ̀ pé àwọn màláíkà ni wọ́n wá fọ ọkàn rẹ̀. Halimah àti Harith kò mọ̀. Òbí ni wọ́n, ẹ̀rù bà wọ́n, ni wọ́n bá gbé e padà sí Mẹ́kà. Amina bi í pé kí ló dé, ìwọ tí o bẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀? Halimah kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ pamọ́, Amina kò fi í sílẹ̀ títí ó fi sọ òótọ́. Ẹ̀rù kò ba Amina rárá. Ó ròyìn ohun tí ó rí nígbà oyún ọmọ náà, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi wà pọ̀. Ọmọ ọdún 6 ni Ànọ́bì nígbà tí Amina kú ní Abwa, bí wọ́n ti ń bọ̀ láti Mọ̀díínà. Mo bá ìyàwó mi ṣe ìṣirò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìṣirò náà kò sì dùn. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi ni mò ń wa mọ́tò lọ́jọ́ Jímọ̀ àti Sátidé, gbogbo wa là ń lọ ṣínu pẹ̀lú àwọn èèyàn wa, tí àwọn ọmọ á sì sùn sínú mọ́tò nígbà tí a bá ń bọ̀.

Àwọn òpìtàn sọ pé Halimah wá sọ́dọ̀ Ànọ́bì lẹ́yìn tí ó ti fẹ́ Khadijah. Ọ̀dá tún ti mú, ẹran wọn ti ń kú. Khadijah fún un ní àgùntàn 40 àti ràkúnmí kan, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun Hunayn, ní ọdún 630, àwọn Mùsùlùmí kó àwọn Hawazin lẹ́rú, obìnrin àti ọmọdé tó tó 6,000. Àgbà obìnrin kan láàárín wọn ń sọ fún àwọn jagunjagun pé ẹ̀gbọ́n ọ̀gá yín ni mí, wọ́n kò gbà á gbọ́. Wọ́n mú un dé iwájú Ànọ́bì, ó béèrè àmì lọ́wọ́ rẹ̀. Shayma ni. Ó fi ojú ibi tí ó ti gé e jẹ lẹ́yìn hàn án, nígbà tí ó ń pọ̀n ọ́n ní ọmọdé. Ẹ̀yin tí ẹ ti pọ̀n àbúrò rí mọ irú eyín bẹ́ẹ̀. Ànọ́bì dá a mọ̀, ó tẹ́ aṣọ ìlékè rẹ̀ sílẹ̀ fún un láti jókòó. Nígbà tí àwọn àgbà Hawazin sì wá bẹ̀bẹ̀, ohun tí wọ́n rán an létí ni pé àwọn tó tọ́ ọ dàgbà wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ó yọ̀ǹda ìpín tirẹ̀, àwọn ará Mẹ́kà àti Mọ̀díínà tó wà pẹ̀lú rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n dá àwọn ẹrú náà sílẹ̀.

Ó ní kí Shayma yàn, bóyá ó fẹ́ dúró lọ́dọ̀ òun pẹ̀lú ọlá àti ìfẹ́, tàbí ó fẹ́ padà sílé. Ó ní òun fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun. Ó fún un ní ẹ̀bùn, ó sì jẹ́ kí ó lọ.