Norbert Wiener, Ọlọ́gbọ́n Tí Ó Ṣọ́ Iná Ìmọ̀

Bí àgbẹ̀ Akínyẹlé tàbí Lálùpọn bá fẹ́ dáná sun igbó tí ó ṣán, yóò kọ́kọ́ ro etí oko náà yíká, kí iná má baà ràn mọ́ kòkó ẹlòmíràn. Iná wúlò fún un, ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́ ọ. Irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Norbert Wiener nínú oko ìmọ̀.

Ọjọ́ 26 oṣù November ọdún 1894 ni a bí i ní ìlú Columbia, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà. Baba rẹ̀, olùkọ́ èdè ní Yunifásítì Harvard, fi ọwọ́ líle kọ́ ọ nílé. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 14, ó gba oyè àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 18, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard. Láti ọdún 1919 ni ó ti ń kọ́ni ní ìṣirò ní MIT.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí yóò máa ṣírò ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá ń lọ, kí ìbọn lè bá a níbẹ̀. Iṣẹ́ yìí jẹ́ kí ó rí i pé ẹ̀rọ lè máa wo àṣìṣe ara rẹ̀, kí ó sì máa tún un ṣe. Ó tẹ èrò náà jáde nínú ìwé rẹ̀, Cybernetics, ní ọdún 1948. Ó sì wà lára ìpìlẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tí ń kọ́ ọgbọ́n lónìí.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì pa Hiroshima àti Nagasaki run ní ọdún 1945, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Nígbà tí ẹnì kan láti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ogun rẹ̀ láti fi ṣe ohun ìjà, ó kọ̀ jálẹ̀. Ní oṣù January ọdún 1947, ó jẹ́ kí a tẹ lẹ́tà náà jáde fún gbogbo ayé.

Ní ọdún 1960, ó kìlọ̀ pé ẹ̀rọ lè yára tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ yóò ti bàjẹ́ kí ènìyàn tó lè dá a dúró. Arthur Samuel, ẹni tí ó kọ́ ẹ̀rọ ní eré dráfù, ta kò ó ní ọdún náà: lójú tirẹ̀, ohun tí ènìyàn bá fi sínú ẹ̀rọ nìkan ni ó ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni ewu wà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò mọ èyí. Bí a ti rán an ni yóò jẹ́ ẹ, ìbáà ṣe àṣìsọ.

Síbẹ̀, Wiener kò pa iṣẹ́ ìwádìí tì. Ó dá a lábàá pé a lè ṣe apá àtọwọ́dá tí iṣan ara yóò máa darí, fún ẹni tí a gé lápá. Ó kú ní Stockholm, ní ilẹ̀ Sweden, ní ọjọ́ 18 oṣù March ọdún 1964. Ó fi hàn wá pé ẹni tí ó mọ agbára iná jùlọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ro etí oko.