Ọlábísí Àjàlá, Ọmọ Yorùbá Tí Ó Fi Alùpùpù Yí Ayé Ká

Àwọn àgbàlagbà wa tí wọ́n ti gbé ìlú Accra rí kò lè gbàgbé àdúgbò tí à ń pè ní Lagos Town. Àwọn ará ilẹ̀ wa tí òwò àti iṣẹ́ gbé dé Góólù Kóòsì ni ó pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ Èkó fi mọ́ ọn lára. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá fi ilé àti ọjà sílẹ̀ tìrora-tìrora, àdúgbò náà kan náà sì ni à ń pè ní Accra New Town lónìí. Ó yẹ kí a rántí èyí kí a tó sọ̀rọ̀ nípa Moshood Àdìsá Ọlábísí Àjàlá, nítorí ní ìlú Accra yìí kan náà ni wọ́n gbé bí i. Àwọn kan a máa wo ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi bí ẹni tí ilé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi gbogbo tí Àjàlá dé ní ayé, ọmọ Nàìjíríà ni ó pe ara rẹ̀, aṣọ ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ó sì fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́.

Ilé olórogún, ilé Mùsùlùmí tí ọmọ pọ̀ sí, ni ó ti jáde. Ó wà ní kékeré nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ padà wá sí Nàìjíríà. Ó kàwé ní Baptist Academy ní Èkó àti ní Ibadan Boys' High School, lẹ́yìn náà ni ó wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí yóò ti fojú inú wo ìyókù: dókítà yóò padà wálé, a ó pagọ̀ sí ojúde, a ó sì se àsè. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1952, Àjàlá gun kẹ̀kẹ́ ológeere ní Chicago, ó dojú kọ Los Angeles. Máìlì 2,280 ni ọ̀nà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrìn Èkó sí Accra lọ́nà mẹ́jọ, nǹkan bí oṣù kan ni ó sì fi rìn ín. Èyí ni ìrìn jíjìn rẹ̀ àkọ́kọ́. Agbádá ni ó wọ̀. Bí ó bá dé ìlú kan, a bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí ó ti rí i pé ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà gbà pé inú igi ni àwa ń gbé. Ẹ má sì ṣe gbàgbé irú àkókò tí ó jẹ́: ọ̀pọ̀ ilé ìtura àti ilé oúnjẹ lójú ọ̀nà ni kò gba aláwọ̀ dúdú wọlé. Kí ènìyàn dúdú kan ṣoṣo máa wa kẹ̀kẹ́ nínú agbádá gba àárín irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré ọmọdé.

Òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn onísinimá Hollywood mú un sínú eré kan tí ó jáde ní 1953, White Witch Doctor, nípa obìnrin nọ́ọ̀sì òyìnbó kan nínú igbó Kóńgò. Èyí ṣe wá ní kàyéfì díẹ̀. Ohun tí ọkùnrin náà ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tako ní máìlì 2,280, òun ni wọ́n san owó fún un pé kí ó wá ṣe lójú àwòrán.

Láti ibẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú. Ó bọ́ sí ẹnu ẹjọ́ lórí ìwé sọ̀wédowó. Ìwé rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kò sì lọ déédéé mọ́, nítorí náà ìjọba Amẹ́ríkà ní kí ó máa lọ. Àjàlá gun òpó rédíò gíga kan, ó jókòó sórí rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ kan, ó ní òun yóò bẹ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá lé òun. Wọ́n lé e náà, ó sì bá ara rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwa kò ní fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, bí àwọn kan ti ń ṣe.

Ní ọdún 1957, ọdún kan náà tí Gánà gba òmìnira, ni ó gbéra lórí alùpùpù Vespa. Ẹni tí ó bá mọ Vespa mọ̀ pé ìlú ni wọ́n ṣe é fún. Táyà rẹ̀ kéré, kòtò kékeré sì lè dá a dúró. Epo bẹntiróòlù àti òróró ẹ́ńjìnnì ni a máa ń pò pọ̀ fún un, bí òróró bá sì pọ̀ jù, fúlọ́ọ̀gì yóò dọ̀tí, èéfín yóò bo ẹni tí ń gùn ún. Ilé-iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì, tí ó gbé e jáde ní 1946, náà ni ó ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta Ape ní 1948, bàbá àwọn tí a ń pè ní kẹ̀kẹ́ Marwa ní Èkó. Irú ẹ̀rọ kékeré yìí ni Àjàlá gùn fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà, tí ó fi dé orílẹ̀-èdè 87. Nígbà tí ó lọ, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà. Kí ó tó parí, àsíá tiwa ti ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Ó rí Nehru ní Íńdíà, Nasser ní Íjíbítì, Ṣáà ti Ìráànì, àti Golda Meir ní Ísírẹ́lì. Ní Jerúsálẹ́mù, tí ogun ti pín sí méjì láàárín Ísírẹ́lì àti Jọ́dánì, ó fi àgídí sáré kọjá ẹnubodè Mandelbaum lórí Vespa rẹ̀, níbi tí ìbọn àwọn ọmọ-ogun ti lè pa á. A kò gba ọmọ ẹnikẹ́ni níyànjú irú èyí. Ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé An African Abroad, tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1963. Ohun tí ó níye lórí nínú ìwé náà lójú wa ni pé ènìyàn dúdú ni ó ń wo ayé, tí ó sì ń dá a lẹ́jọ́. Títí di ìgbà náà, àwọn òyìnbó ni ó sábà máa ń wá wò wá, tí wọn a sì padà lọ kọ ọ́.

Ó padà sí Èkó, ó sì ń ṣe alágbàtà eré àti olùpolówó. Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin ní 1972, láti ìgbà náà ni Àjàlá ti di orúkọ tí Yorùbá ń pe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé, àní lẹ́nu àwọn ọmọ tí kò mọ̀ pé ènìyàn kan wà tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọrọ̀ kò bá òkìkí náà rìn. Àrùn ẹ̀gbà dá ẹsẹ̀ náà dúró nígbẹ̀yìn, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1999.