Virginia Apgar àti Máàkì Mẹ́wàá Rẹ̀

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé yàrá ìgbẹ̀bí ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo rò pé ọmọ tuntun nìkan ni wọ́n ń fún ní máàkì Apgar. Àfi ọjọ́ tí ọ̀gá wa kan ní kílíníìkì ìṣègùn ẹbí gbé ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́. Ìbéèrè márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ Family APGAR sókè rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó kan ìkókó kan ẹbí. Wọ́n ní kí n lọ ka ìtàn obìnrin tó ni orúkọ náà.

Ọjọ́ keje oṣù kẹfà ọdún 1909 ni wọ́n bí Virginia Apgar sí Westfield, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, Amẹ́ríkà. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́ta. Ikọ́ ife pa ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ sì ń bá èkejì fínra. Ó gboyè ìṣègùn ní Columbia, New York, ní 1933. Iṣẹ́ abẹ ló wù ú, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀, Allen Whipple, gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ kọ́ nípa oògùn tí a fi ń mú aláìsàn sùn kí wọ́n tó fi abẹ kàn án, torí pé obìnrin oníṣẹ́ abẹ kì í rí iṣẹ́ jẹun nígbà yẹn. Ó lọ. Ní 1949, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yẹn.

Iṣẹ́ yìí ló gbé e wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Ó rí i pé ara ìyá ni gbogbo ojú máa ń wà. Ọmọ tí kò bá tètè mí dáadáa, wọ́n lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò ní yè. Wọ́n ní ilé oúnjẹ ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ti bi í léèrè bí a ṣe lè yẹ ọmọ tuntun wò, tó sì fa bébà tó wà nítòsí, tó kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀: lílù ọkàn, mímí, agbára iṣan, bí ọmọ ṣe ń ṣe tí a bá fọwọ́ kàn án, àti àwọ̀ ara. Òdo, ení tàbí èjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀, mẹ́wàá. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953. Kò gba ẹ̀rọ kankan, nọ́ọ̀sì lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohun kan tó tẹnu mọ́ ni pé ẹni tó gbẹ̀bí kọ́ ló yẹ kó fún ọmọ ní máàkì, torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń bu máàkì kún un. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Kò lọ́kọ, ó sì fẹ́ràn orin. Ó máa ń fi igi gbẹ́ ohun èlò olókùn fúnra rẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tilẹ̀ jí pákó inú àgọ́ tẹlifóònù ilé ìwòsàn lóru, torí igi náà dára fún iṣẹ́ wọn! Ó kú ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1974.

Ní 1978, Gabriel Smilkstein, dókítà ẹbí ní Yunifásítì Washington, yá orúkọ náà lò. Ṣé o lè sá tọ ẹbí rẹ nígbà ìṣòro? Ṣé ẹ jọ ń sọ̀rọ̀, ẹ jọ ń pín ìṣòro? Ṣé wọ́n ń tì ọ́ lẹ́yìn tí o bá fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan tuntun? Ṣé wọ́n ń fìfẹ́ hàn sí ọ, tí wọ́n sì ń kọbi ara sí ìbànújẹ́ rẹ? Ṣé bí ẹ ṣe jọ ń lo àkókò tẹ́ ọ lọ́rùn? Méje sí mẹ́wàá dára. Mẹ́rin sí mẹ́fà, wàhálà díẹ̀ wà. Mẹ́ta wálẹ̀, nǹkan ti bàjẹ́.

Mo gbé e lọ sí agboolé wa ní Ọ̀yọ́. Ìyá àgbà kò jẹ́ kí n ka ìbéèrè tán tí wọ́n fi ní kí n kọ mẹ́wàá. Lẹ́yìn ilé ni mo ti bá ìyàwó ilé wa kan, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò gbọ́ oògùn láti bí ọdún kan. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí pé ẹbí wo, ti bàbá wọn ni àbí ti ọkọ? Ìwé náà kò sọ. Mo ní kí wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ti bàbá wọn jẹ́ mẹ́sàn-án. Tiwa jẹ́ méjì.

Agboolé kan náà, ọjọ́ kan náà. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹni tó gbẹ̀bí sọ sí mi lọ́kàn. Ká ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà nìkan ni mo dúró sí, ilé wa ì bá dára lórí ìwé.

Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni nílé, n kò sì kọ orúkọ sí i. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, wọn yóò wá sí kílíníìkì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún ìyá àgbà ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń wá gbà.