Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá: Ẹni Tí Ó Gbọ́ràn Kí Ọ̀nà Tó Là

Ọ̀pọ̀ nínú àwa onígbàgbọ́ ni ó máa ń fẹ́ kí Olúwa kọ́kọ́ ṣán ọ̀nà, kí ó sì kó gbogbo òkúta inú rẹ̀ kúrò, kí àwa tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Bí ìṣòro bá sì dé, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wí nínú ọkàn wa pé bóyá ìpè náà kò tilẹ̀ ti ọ̀run wá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan gbé ilẹ̀ wa yìí tí ó kọ́kọ́ gbọ́ràn ná, tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn ìgbọràn rẹ̀ gan-an ni ìṣòro ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọkùnrin náà ni Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Wòlíì Babalọlá. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá a láyé mọ irú ọ̀nà tí ó tọ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, ọdún 1904, ni a bí i ní Odò-Ọwá, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ọ̀tùn-Èkìtì. Ará Ọ̀tùn tí ó bá dé Odò-Ọwá kò ní í wá ògbufọ̀ kí ó tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní àkókò tí a bí i, abẹ́ Ìlọrin ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìlú méjèèjì sí. Ọdún 1936 ni Ọ̀tùn padà sọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀ ní Èkìtì, Odò-Ọwá sì kù sí ìhà kejì ààlà, ní apá ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Onígbàgbọ́ ni àwọn òbí rẹ̀. David Lawani Rotimi, baba rẹ̀, ni Baba Ìjọ ní ìjọ C.M.S. ti Odò-Ọwá, Martha Talabi ni orúkọ ìyá rẹ̀.

Babalọlá kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Kò kà ju ìwé kẹrin lọ tí ó fi kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fún ọdún méjì, lẹ́yìn náà ni ó wọ iṣẹ́ P.W.D., ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń la títì nígbà náà. Ibẹ̀ ni ó ti di awakọ̀ ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ ilẹ̀ títì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ayé ti rí nígbà náà yóò mọ̀ pé ipò tí ọ̀pọ̀ ń jowú ni èyí. Àgbẹ̀ ń wo ojú òjò, oníṣòwò ń wo ojú ọjà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò dé.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, nígbà tí wọ́n ń ṣe títì tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ dákú nítòsí Ìkéjì-Arákeji. Ó ṣe é títí, kò ṣiṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti máa ń rò ó fún àwọn tí ó bá a rìn, níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ ohùn tí ó pè é pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó sì lọ wàásù. Ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, ó sì kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Kò sí ìjọ tí ó ṣèlérí owó oṣù fún un, kò sì sí ẹni tí ó ní ilé àlùfáà nípamọ́ dè é. Agogo ọwọ́ àti omi tí a gbàdúrà sí, tí a wá ń pè ní omi ìyè, ni irinṣẹ́ rẹ̀ tuntun.

Ìdènà àkọ́kọ́ ti ilé wá. Nígbà tí ó padà dé Odò-Ọwá pẹ̀lú eérú lára àti màrìwò, tí ó ń kéde pé kí ìlú ronú pìwà dà, wèrè ni àwọn ènìyàn kà á sí. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ọmọ Baba Ìjọ, òṣìṣẹ́ ìjọba àná, ni ó di ẹni tí à ń wò ní ìwò ìyanu ní ìgboro. Kò sì pẹ́ tí ọ̀nà òun àti ìjọ tí a ti tọ́ ọ dàgbà fi pínyà. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ará Faith Tabernacle, a sì rì í bọmi nínú ọ̀sà ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1929.

Ní oṣù Keje ọdún 1930, àwọn àgbà ìjọ náà péjọ sí Òkè-Òòyè ní Iléṣà láti yanjú àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ ìjọ. Ibẹ̀ ni ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ láti ọwọ́ Babalọlá. Òkìkí kàn pé àwọn aláìsàn ń rí ìwòsàn, èrò sì ń wọ́ wá láti ìlú gbogbo. Àwọn babaláwo àti olóògùn kó oògùn wọn jáde fún iná. Ọdún náà jẹ́ ọdún ìnira: ọ̀dá owó ti mú gbogbo ayé, iye kòkó ti wálẹ̀, owó orí kò sì dín. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ pé Ọlọ́run kò gbàgbé tálákà dà bí omi tútù fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Láti Iléṣà ó kọjá sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ó sì la ilẹ̀ Èkìtì já lọ sí Àkókó.

Ṣùgbọ́n bí èrò ti ń pọ̀ ni ìfura ìjọba ń pọ̀. Àwọn aláṣẹ kò fẹ́ràn ìpéjọpọ̀ tí kò sí lábẹ́ òyìnbó kankan. Ní ọdún 1932 a mú un nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́ ní Otuo, ilé-ẹjọ́ sì rán an ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Benin. Ẹni tí ogunlọ́gọ̀ ń tẹ̀ lé lánàá di ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tí ó jáde, ó gbé agogo rẹ̀, ó sì tún bá iṣẹ́ lọ.

Ìdènà mìíràn dé láti àárín àwọn ará. Ìjọ náà ti pe àwọn aṣíwájú Apostolic Church láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1931, kí wọ́n lè rí ààbò lọ́dọ̀ ìjọba. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwòsàn dá ìjà sílẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ wa gbà pé àdúrà nìkan tó. Àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì sì ń lo kiníìnì kí ibà má bàa pa wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1940 wọ́n pínyà, ní ọdún 1943 sì ni a fi orúkọ Christ Apostolic Church sí ìwé ìjọba. Àwa kò ní sọ pé kí aláìsàn kọ ilé-ìwòsàn sílẹ̀, nítorí Ọlọ́run ni ó fún dókítà ní ọgbọ́n tí ó ń lò. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé Babalọlá di ẹrù lé orí ẹlòmíràn nígbà tí òun tìkára rẹ̀ kò fi ìka kàn án.

Ohun kan wà tí ó yà wá lẹ́nu ju gbogbo èyí lọ. Lẹ́yìn Òkè-Òòyè, ì bá rọrùn fún un láti dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi ara rẹ̀ jẹ olórí. Ọ̀pọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èrò tí kò tó ìdá mẹ́wàá tirẹ̀. Kò ṣe é. Isaac Akinyele, tí ó wá jẹ Olúbàdàn ní ọdún 1955, ni ààrẹ ìjọ. Babalọlá jẹ́ ajíhìnrere àgbà, ó sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbà tí ó bá nílé. Ẹni tí ó gbọ́ ti Ọlọ́run ní ẹ̀bá títì kò torí bẹ́ẹ̀ di ẹni tí kò lè gbọ́ ti ènìyàn. Èyí ni ìdánwò ìgbọràn tòótọ́, òun sì ni ọ̀pọ̀ wòlíì òde òní kùnà.

Ó kú ní Ẹdẹ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 1959, ní ẹni ọdún 55, a sì sin ín sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ní ọdún 2006, yunifásítì tí ìjọ rẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ pè gba àṣẹ ìjọba ní Ìkéjì-Arákeji, ní àdúgbò ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákú. Ẹni tí kò kà ju ìwé kẹrin lọ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, kì í ṣe gbogbo wa ni a ó pè láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a ó pe akọ̀wé láti kọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀, a ó pe oníṣòwò láti lo òṣùwọ̀n tí ó pé, a ó pe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láti fi ìwé ìdánwò tí a jí sílẹ̀. Nígbà tí a bá gbọ́ràn, owó lè dín, àwọn ẹlẹgbẹ́ lè pè wá ní wèrè. Kí a má ṣe rò nígbà náà pé a ṣìnà. Ìdènà tí ó bá wa lójú ọ̀nà kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà náà kì í ṣe tiwa. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí yóò gbé ẹsẹ̀ kí ọ̀nà tó là.